Bí Ẹ Ṣe Lè Kun Ọ̀dà Sára Ohun Èlò Igi Àtijọ́ Inú Iyàrá Tí Kò Fi Ní Bó

Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Ẹnì kan á ra ọ̀dà tó dára, á kùn ún sára kọ́bọ́ọ̀dù àtijọ́ tó wà nínú iyàrá, inú rẹ̀ á sì dùn ní ọjọ́ tó parí iṣẹ́. Kò ní pẹ́ tí etí ilẹ̀kùn á fi bẹ̀rẹ̀ sí í bó, tí dúrọ́ọ̀, ìyẹn àpótí tí à ń fà jáde, á há gádígádí, tí àbàwọ́n rẹ́súrẹ́sú á sì máa yọ jáde lára ọ̀dà funfun. Ọ̀pọ̀ ló máa ń dá ọ̀dà lẹ́bi, tí wọ́n á sì lọ ra èyí tó wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ, síbẹ̀ kò ní yàtọ̀, nítorí pé ohun tó ba iṣẹ́ jẹ́ ti wà lára igi kí wọ́n tó ṣí agolo ọ̀dà: ọ̀rá ọwọ́ ọdún pípẹ́, ìpara tí wọ́n fi ń dán igi, àti fáníìṣì tó ń dán gbinrin tí nǹkan kan kò lè dì mọ́.

Nítorí náà, èyí tó pọ̀ jù nínú ìtọ́sọ́nà yìí dá lórí ohun tí ẹ máa ṣe kí ọ̀dà tó kan igi. Ẹ má ṣe fo ìgbésẹ̀ kankan, ẹ má sì ṣe kọjá sí èyí tó kàn títí èyí tí ẹ wà lórí rẹ̀ á fi yege àyẹ̀wò tí mo kọ sí ìparí rẹ̀. Ẹni tó bá ń rò pé òun lè parí kọ́bọ́ọ̀dù odindi ní ọjọ́ Sátidé kan ṣoṣo, mo gbà á nímọ̀ràn pé kó fi í sílẹ̀ títí àyè yóò fi wà.

Ohun tí ẹ máa kó jọ

- Korobá méjì, ọṣẹ olómi tó ń gé ọ̀rá, àkísà funfun tó pọ̀, àti sípírítì díẹ̀.
- Sikurudiráfà, àwọn ike kékeré tí ẹ máa kó sikúrù sí, àti téèpù oníbébà.
- Pọ́tì igi, ọ̀bẹ pọ́tì, àti gúlúù igi.
- Sáńpépà nọ́ńbà 120, 180 àti 320. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń pọ̀ sí i ni sáńpépà ń kúnná sí i. Ẹ wá pákó pẹlẹbẹ kan tó kún ọwọ́, tí ẹ máa wé e mọ́.
- Ọ̀dà ìpìlẹ̀, ọ̀dà tí ẹ fẹ́ kí ojú rí, àti fáníìṣì aláìláwọ̀ bí ẹ bá máa lò ó.
- Búrọ́ọ̀ṣì tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 5, rólà onífóòmù kékeré tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10, àti abọ́ pẹlẹbẹ.
- Ìbòmú tó ń dènà eruku, ìbọ̀wọ́, àti ọ̀rá tàbí aṣọ àtijọ́ tí ẹ máa tẹ́ sílẹ̀.

Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ lórí irú ọ̀dà tí ẹ máa rà, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣìnà. Ọ̀dà tí a fi ń kun ògiri kò wà fún ohun èlò igi. Ó máa ń gbẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í le, ìdí nìyẹn tí fìtílà tí ẹ gbé lé orí tábìlì fi máa ń lẹ̀ mọ́ ọn, tí yóò sì bó ọ̀dà dání nígbà tí ẹ bá gbé e. Ẹ béèrè ọ̀dà tí wọ́n ṣe fún igi, ilẹ̀kùn tàbí kọ́bọ́ọ̀dù. Oríṣi méjì ló wà: olómi, èyí tí à ń fi omi lú, àti elépo, èyí tí à ń fi tínà lú. Elépo máa ń le dáadáa, ojú rẹ̀ sì máa ń tẹ́jú, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ pọ̀, ó ń pẹ́ kó tó gbẹ, èyí tó funfun nínú rẹ̀ sì máa ń di pípọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò dé, irú bí inú kọ́bọ́ọ̀dù. Fún ohun tí ènìyàn ń sùn tì, olómi tó dára ni èmi máa ń yàn.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ ohun tí ẹ fẹ́ kùn

Ẹ gbé ohun èlò náà síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí ẹ sì yẹ ara rẹ̀ wò, pàápàá ẹ̀yìn àti ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ wo etí pákó níbi tí wọ́n ti gé e. Bí ìlà igi bá gba òkè kọjá sí etí láìdáwọ́ dúró, igi odindi ni. Bí ẹ bá rí awọ igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ pákó mìíràn lórí, ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ irú awọ bẹ́ẹ̀ kò nípọn tó mílímítà 1, nítorí náà sáńpépà lè jẹ ẹ́ tán láìpẹ́. Bí ara rẹ̀ bá sì ń dán, tó tutù lọ́wọ́, tí ìlà igi orí rẹ̀ sì dà bí àwòrán tí wọ́n tẹ̀, fọ́míkà tàbí irú rẹ̀ ni.

Bí ọ̀dà bá ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ rẹ òwú sínú sípírítì, kí ẹ fi nu ojú kan tó fara sin. Ọ̀dà olómi á rọ̀, á sì yọ sára òwú, ṣùgbọ́n elépo kò ní ṣe ohunkóhun.

Ìkìlọ̀ tó lágbára wà níbí. Ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé nínú. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1978 ni wọ́n fòfin de òjé nínú ọ̀dà ilé, àwọn ilẹ̀ mìíràn sì ṣe é ṣáájú tàbí lẹ́yìn ìgbà náà. Eruku òjé máa ń ṣe ọpọlọ àwọn ọmọdé ní jàǹbá tí kì í ṣeé tún ṣe. Bí ohun èlò náà bá ti pẹ́ gan-an, tí ẹ kò sì mọ irú ọ̀dà tó wà lára rẹ̀, ẹ má ṣe fi sáńpépà ha á ní gbígbẹ, ẹ má sì ṣe fi iná jó o. Ẹ wá ohun tí wọ́n fi ń dán òjé wò. Bí òjé bá wà níbẹ̀, tí ọ̀dà náà sì ń bó, ẹ gbé e fún ẹni tó mọ iṣẹ́ náà.

Ẹ tún wá ihò wẹ́wẹ́ roboto. Bí lẹ́búlẹ́bú tuntun bá ń dà sílẹ̀ lábẹ́ wọn, kòkòrò ajẹgi ṣì wà láàyè nínú rẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ pa á kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Àyẹ̀wò: Ẹ lè dáhùn ìbéèrè mẹ́ta: irú pákó wo ni, kí ni wọ́n fi kùn ún tẹ́lẹ̀, ṣé kò sì léwu láti ha á?

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ tú u

Ẹ yọ gbogbo dúrọ́ọ̀, ilẹ̀kùn, ọwọ́ tí à ń dì mú, íńjìsì àti jígí. Àwọn tó bá fi íńjìsì sílẹ̀, tí wọ́n rò pé àwọn lè kùn yí i ká, máa ń rí i pé ọ̀dà ń sán níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn. Ẹ kọ nọ́ńbà sí ẹ̀yìn dúrọ́ọ̀ kọ̀ọ̀kan àti sínú ihò tó ti jáde, nítorí pé nínú ohun èlò àtijọ́, dúrọ́ọ̀ méjì tó jọra kì í sábà wọ ihò ara wọn. Ẹ ya fọ́tò pẹ̀lú fóònù kí ẹ tó tú u.

Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ ọwọ́ rẹ̀, ẹ wọn àlàfo láti àárín ihò kan sí àárín ìkejì. Mílímítà 96 àti 128 ló wọ́pọ̀. Bí tuntun kò bá bá ti àtijọ́ mu, ìsinsìnyí ni kí ẹ mọ̀, kí ẹ lè dí ihò àtijọ́ kí ẹ tó kùn ún.

Àyẹ̀wò kan wà tí kò yẹ kí ẹ fò. Kí ẹ tó tú u, ẹ ti dúrọ́ọ̀ wọlé, kí ẹ sì fi páálí tó nípọn tó mílímítà 2 gba àlàfo etí rẹ̀ yí ká. Ibi tí páálí bá ti há ni dúrọ́ọ̀ máa há sí nígbà tí ọ̀dà bá gun orí rẹ̀. Ẹ fi ẹfun sàmì síbẹ̀, ẹ ó fi sáńpépà dín in kù ní Ìgbésẹ̀ 5.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ fọ̀ ọ́

Fífọ̀ gbọ́dọ̀ ṣáájú sáńpépà. Bí ẹ bá kọ́kọ́ lo sáńpépà, ńṣe lẹ máa fi ọwọ́ ara yín ti ọ̀rá àti ìpara wọnú igi, ibẹ̀ ni yóò sì wà títí ọ̀dà yóò fi bá a. Ẹ po ọṣẹ mọ́ omi lọ́wọ́ọ́wọ́ nínú korobá kan, kí ẹ sì rọ omi lásán sínú ìkejì. Ẹ fún àkísà dáadáa kó má baà rin igi gbindin, ẹ nu ojú kékeré lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fi omi mímọ́ ṣan án, kí ẹ sì fi aṣọ gbígbẹ nù ún lójú ẹsẹ̀. Pákó alẹ̀pọ̀, ìyẹn èyí tí wọ́n fi gúlúù lẹ wóròwóró igi pọ̀ ṣe, máa ń wú bí omi bá wọ ọ́, kì í sì padà sípò mọ́.

Ibi tó dọ̀tí jù ni àyíká ọwọ́ dúrọ́ọ̀, etí òkè orí bẹ́ẹ̀dì níbi tí irun máa ń kàn, àti orí tábìlì ìmúra tí òróró àti ìpara ti ń kán sí. Ẹ fọ àwọn ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bí ọṣẹ kò bá ká a, ẹ fi sípírítì díẹ̀ nù ún, lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣí fèrèsé, níbi tí iná kò sí nítòsí. Ẹ jẹ́ kó gbẹ di ọjọ́ kejì.

Àyẹ̀wò: Ẹ fi àkísà funfun tí ẹ fi omi tutù díẹ̀ nù ún. Bó bá ṣì ń yọ pọ́n tàbí dúdú, ẹ padà sí korobá.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ tún un ṣe

Ẹ fi gúlúù sí oríkèé tó ń mì, ẹ fi okùn dì í pinpin, kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Awọ igi tó ti ṣí, ẹ ti gúlúù sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ gbé ohun wúwo lé e. Ẹ fi pọ́tì dí ihò àti ibi tó já, kí ẹ jẹ́ kó yọ sókè díẹ̀ ju ara igi lọ, nítorí pé pọ́tì máa ń sún kì nígbà tó bá ń gbẹ. Ihò tó jìn ju mílímítà 5 lọ, ẹ dí i ní ìpele méjì.

Àyẹ̀wò: Ẹ fi èékánná tẹ pọ́tì. Bí èékánná bá wọlé, kò tíì gbẹ.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ fi sáńpépà ha á

Kò pọn dandan kí ẹ ha ọ̀dà tàbí fáníìṣì àtijọ́ kúrò pátápátá bó bá ṣì dì mú igi dáadáa. Ohun tí ẹ ń wá ni kí dídán rẹ̀ kú, kí ara rẹ̀ di híhá díẹ̀ tí ọ̀dà tuntun á fi rí ohun dì mú. Sáńpépà nọ́ńbà 180 tó fún èyí. Ibi tí ọ̀dà àtijọ́ bá ti ń bó, ẹ kọ́kọ́ fi nọ́ńbà 120 tẹ́ etí rẹ̀ títí ìka yín kò fi ní mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́, nítorí ọ̀dà tuntun kò ní bo ìpele yẹn mọ́lẹ̀, ńṣe ni yóò tún mú kó hàn sí i.

Ẹ máa ha á lọ bí ìlà igi ṣe lọ, ẹ má gbà á kọjá ní ìbú. Lórí awọ igi àti fọ́míkà, ẹ fi ọwọ́ fúyẹ́ ṣe é, ẹ má lo ẹ̀rọ, ẹ sì ṣọ́ra gan-an ní igun, ibẹ̀ ni awọ ti máa ń lù kọjá. Ẹ wọ ìbòmú. Nígbà tí ẹ bá parí, ẹ gbá eruku kúrò, kí ẹ fi àkísà tó tutù díẹ̀ nù ún lẹ́ẹ̀mejì, títí kan inú igun àti inú ọnà ara igi.

Àyẹ̀wò méjì ló wà níbí. Àkọ́kọ́, ẹ pa iná iyàrá, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ara igi láti ẹ̀gbẹ́: ibikíbi tó bá ṣì ń kọ mànà, sáńpépà kò tíì dé ibẹ̀. Ìkejì, ẹ kán omi díẹ̀ sórí rẹ̀ níbi mẹ́ta sí mẹ́rin. Bí omi bá tàn ká, ẹ nù ún, kí ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Bó bá ń yí gbirigbiri bí omi orí ewé kókò, ìpara ṣì wà níbẹ̀. Ẹ padà sí Ìgbésẹ̀ 3, bó ti wù kó sú yín tó.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ kun ọ̀dà ìpìlẹ̀

Ìgbésẹ̀ yìí ni àwọn ènìyàn máa ń fò jù, òun náà ló sì ń pinnu bí ọ̀dà yín ṣe máa pẹ́ tó. Ọ̀dà ìpìlẹ̀ ní iṣẹ́ méjì: ó ń di igi mú kí ọ̀dà òkè lè dì mọ́ òun, ó sì ń sé ohun tó wà nínú igi mọ́. Gbogbo ọ̀dà ìpìlẹ̀ kọ́ ló lè ṣe méjèèjì.

Igi bíi máhógánì, óòkù àti sídà ní àwọ̀ nínú tó máa ń yọ́ mọ́ omi. Kókó ara igi náà ní oje. Bí ẹ bá kun ọ̀dà olómi lé wọn lórí ní tààràtà, omi inú ọ̀dà yóò fa àwọ̀ náà sókè. Ẹ ó kọ́kọ́ rí òrùka pọ́nrusurusu yí kókó kan ká, lẹ́yìn náà ìlà tó gùn, tí ẹ bá sì kùn ún lẹ́ẹ̀kejì, yóò tún yọ síbẹ̀. Kò sí iye ìgbà tí ẹ lè fi ọ̀dà funfun bò ó tó máa pa á mọ́. Ọ̀dà ìpìlẹ̀ elépo tó ń sé àbàwọ́n lè dá a dúró, ṣùgbọ́n èyí tó dára jù ni èyí tí wọ́n fi ṣẹ́lààkì ṣe, ìyẹn oje tí kòkòrò kan ń tú jáde tí wọ́n fi sípírítì yọ́. Ó tún ń sé òórùn àtijọ́ inú dúrọ́ọ̀ mọ́. Ó yára gbẹ, ọ̀dà olómi sì lè gun orí rẹ̀. Sípírítì ni ẹ máa fi fọ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀, kì í ṣe omi.

Fún fọ́míkà àti irú rẹ̀, ẹ ra ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí wọ́n kọ sára agolo rẹ̀ pé ó ń dì mọ́ ohun tó ń dán.

Ẹ kùn ún ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Kò burú bí ẹ bá ṣì ń rí igi nísàlẹ̀. Nígbà tó bá gbẹ, ẹ fi sáńpépà nọ́ńbà 320 rà á lára fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ sì nu eruku rẹ̀.

Àyẹ̀wò: Ẹ dúró di ọjọ́ kejì. Bí àbàwọ́n bá ti yọ, ẹ kun ọ̀dà ìpìlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà, ẹ fi abẹ fa ìlà méjì tó gba ara wọn kọjá níbi tó fara sin, ẹ lẹ téèpù mọ́ ọn pinpin, kí ẹ já a lójijì. Bí ọ̀dà bá tẹ̀lé téèpù, igi náà kò mọ́ tó tàbí pé ẹ kò ha á tó. Ó sàn kí ẹ mọ̀ ọ́n nísinsìnyí.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ kun ọ̀dà gangan

Ẹ yan ọjọ́ tí ooru wà láàárín 10 sí 30 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, tí òjò kò sí, ẹ má sì ṣe kùn ún nínú oòrùn gangan, nítorí ojú ọ̀dà á gbẹ kí inú rẹ̀ tó gbẹ. Ẹ fi igi ro ọ̀dà láti ìsàlẹ̀ agolo, ẹ má mì í, kó má baà hó. Ẹ da díẹ̀ sínú abọ́, kí ẹ sì bo agolo padà.

Búrọ́ọ̀ṣì ni ẹ máa kọ́kọ́ fi kun igun, etí àti ibi tí wọ́n gbẹ́ ọnà sí, lẹ́yìn náà kí ẹ fi rólà kun ibi tó tẹ́jú kí etí ọ̀hún tó gbẹ. Ìdá kan péré nínú mẹ́ta irun búrọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ tì bọ ọ̀dà. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti tẹ́ ọ̀dà sílẹ̀, ẹ fi orí búrọ́ọ̀ṣì fà á lẹ́ẹ̀kan lọ sí ibi tí ìlà igi kọjú sí, kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ènìyàn padà sí ibi tó ti ń gbẹ nítorí pé ó rí àléébù kan níbẹ̀. Ọ̀dà tó ti ń gbẹ á fà, á ya, àléébù kékeré á sì di ńlá. Ẹ jẹ́ kó gbẹ, sáńpépà nọ́ńbà 320 á mú un kúrò.

Ìpele fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì tàbí mẹ́ta dára ju ẹyọ kan tó nípọn lọ, nítorí èyí tó nípọn máa ń ṣàn wálẹ̀, inú rẹ̀ kì í sì í tètè le. Láàárín ìpele kan àti èkejì, ọ̀pọ̀ ọ̀dà olómi ń fẹ́ wákàtí 2 sí 4, elépo sì ń fẹ́ nǹkan bíi wákàtí 16 sí 24. Ohun tí wọ́n kọ sára agolo yín ni kí ẹ tẹ̀lé.

Ní ti dúrọ́ọ̀, ojú rẹ̀ nìkan ni kí ẹ kùn. Ẹ má kun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ má kun ojú ọ̀nà tó ń gbà wọlé, ẹ má sì kun ibi tí igi bẹ́ẹ̀dì ti ń kan ara wọn, nítorí ibẹ̀ ni ariwo á ti máa jáde lóru. Ẹ fi àbẹ́là ra ojú ọ̀nà dúrọ́ọ̀ dípò rẹ̀. Bí ẹ bá lẹ téèpù, ẹ ṣí i nígbà tí ìpele ìkẹyìn kò tíì le tán.

Bẹ́ẹ̀dì ọmọ ọwọ́ yàtọ̀. Àwọn ọmọ máa ń jẹ etí rẹ̀ lẹ́nu. Ẹ ra ọ̀dà tí wọ́n kọ sára rẹ̀ pé ó bá EN 71-3 mu, ìyẹn ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù fún ohun ìṣeré ọmọdé, tàbí èyí tó bá irú ìlànà bẹ́ẹ̀ mu ní ilẹ̀ yín.

Bí ẹ bá lo ọ̀dà elépo, ẹ má ṣe ká àkísà rẹ̀ jọ sí igun kan. Ó lè gbóná fúnra rẹ̀ títí yóò fi gbiná. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní ìta kó gbẹ, tàbí kí ẹ rì í sínú omi.

Àyẹ̀wò: Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Àwọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dọ́gba, kò sì gbọdọ̀ sí ibi tó ṣàn.

Ìgbésẹ̀ 8: Fáníìṣì, bó bá yẹ

Orí tábìlì ìmúra àti orí àpótí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì nìkan ló sábà nílò rẹ̀. Ẹ lo fáníìṣì olómi lórí ọ̀dà funfun, nítorí elépo máa ń pọ́n.

Ìgbésẹ̀ 9: Ẹ dúró, kí ẹ tó tò ó padà

Gbígbẹ àti líle kì í ṣe ohun kan náà. Ọ̀dà olómi lè gbẹ lọ́wọ́ ní wákàtí kan, ṣùgbọ́n ó lè gba tó ọjọ́ 30 kó tó le dé ibi tó máa le dé. Ẹ tò ó padà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán, kí ẹ fi fèrèsé sílẹ̀ ní ṣíṣí, ẹ má sì sùn nínú iyàrá náà títí òórùn ọ̀dà á fi lọ. Ẹ má ti ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù pa lálẹ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kó má baà lẹ̀ mọ́ férémù. Fún oṣù àkọ́kọ́, ẹ má gbé fìtílà tàbí ohun wúwo lé e láìtẹ́ aṣọ sábẹ́ rẹ̀, ẹ má sì fi omi ọṣẹ nù ún.

Àyẹ̀wò: Ẹ fi èékánná tẹ ibi tó fara sin. Nígbà tí kò bá sàmì mọ́, ẹ lè kó aṣọ padà. Ẹ da ọ̀dà tó ṣẹ́kù sínú ìgò kékeré títí yóò fi kún dé ẹnu, kí afẹ́fẹ́ má baà rí àyè gbẹ ẹ́, kí ẹ kọ ọjọ́ àti orúkọ àwọ̀ náà sí i lára, ẹ ó nílò rẹ̀ nígbà tí nǹkan bá họ igun kan.